Bí a ṣe lè kọ sọ̀wédowó tí ẹlòmíràn ò fi ní bá wa kọ ìyókù

Orúkọ tí Yorùbá fún nǹkan yìí ti ṣàlàyé ìdajì ọ̀rọ̀ fún wa. Sọ̀wédowó: ohun tó ń sọ ìwé di owó. Inú ìdajì tó kù ni wàhálà wà, torí orúkọ náà ò sọ ẹni tó máa gba owó ọ̀hún, kò sì sọ iye tó máa jẹ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ ló máa sọ ìyẹn. Tí kò bá sì sọ ọ́ tán, ẹlòmíràn wà lọ́nà tó ṣe tán láti bá a sọ ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Lẹ́tà ni ewé sọ̀wédowó kan. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí báńkì yín, ohun tí ẹ sì ń sọ fún wọn ni pé: ẹ yọ iye báyìí nínú owó mi tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ fún lágbájá. Báńkì ti bá yín tẹ èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà náà sílẹ̀, wọ́n wá fi àlàfo márùn-ún sílẹ̀ fún yín: ọjọ́, orúkọ ẹni tó máa gbowó, iye owó ní fígọ̀, iye owó ní ọ̀rọ̀, àti ibi ìbuwọ́lùwé. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí irú ìwé yìí, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1882 tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì fi ṣe àwòkọ, pè é ní àṣẹ tí kò ní "àyàfi" nínú. Tí wọ́n bá ti gbé e dé, kí báńkì san án ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹ bá kọ "tó bá parí iṣẹ́ nìkan" sí igun ìsàlẹ̀, níbi tí a ti máa ń kọ ohun tí owó wà fún, asán lẹ kọ. Ẹ̀yin àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún yín lẹ jọ ní àdéhùn, báńkì ò sí níbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí lẹ́tà yìí yàtọ̀ sí òmíràn ni ọ̀nà tó ń gbà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gbé e dé báńkì yín. Ẹni tó fẹ́ gbowó lẹ fi lé lọ́wọ́. Ó lè rán ọmọọṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé inú àpòòwé lẹ ti fi ránṣẹ́ sí i, tó ti gba ọwọ́ àwọn tó ń pín lẹ́tà kọjá. Yóò dé báńkì tirẹ̀ kó tó wá dé ti yín. Gbogbo àwọn tó gba ọwọ́ wọn kọjá yìí ló ní bírò. Nítorí náà, tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ wò ó bí olè ṣe máa wò ó: ibo ni àyè ṣẹ́ kù sí?

Ọ̀rọ̀ àyè yìí ti dé kóòtù tipẹ́. Lọ́dún 1827, wọ́n dá ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn amòfin ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Ọkùnrin kan tó fẹ́ kúrò nílé buwọ́ lu ewé sọ̀wédowó mélòó kan lófìfo, ó kó wọn ti ìyàwó rẹ̀ pé kó máa kọ iye tí wọ́n bá nílò sí i. Nígbà tó yá, ìyàwó ní kí akọ̀wé ọkọ òun bá òun kọ ọ̀kan: àádọ́ta pọ́n-ùn àti ṣílè díẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́, ó fi hàn án. Obìnrin náà wò ó, àádọ́ta ni lóòótọ́, ó ní kó máa gbé e lọ báńkì. Ohun tí kò fura sí ni pé ọ̀rọ̀ náà "fifty" ò bẹ̀rẹ̀ láti etí ìlà. Àárín ni akọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, "f" kékeré ló sì fi kọ ọ́, bí ẹni tó ń parí gbólóhùn tó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tún fi àyè sílẹ̀ láàárín àmì pọ́n-ùn àti 50. Bó ṣe kúrò níwájú rẹ̀, ó kọ "Three hundred and" ṣáájú "fifty", ó sọ 3 sínú àyè tó wà níwájú 50. Ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn ó lé àádọ́ta ló gbà jáde. Kóòtù ní ọkọ ni yóò gbé àdánù náà, kì í ṣe báńkì.

Èkejì wáyé ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, òun ni mo sì fẹ́ràn jù, torí kò sí ẹni tí irú rẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ sí. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ kan lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí onítọ̀hún ń jáde lọ jẹun ọ̀sán, ó ní òun nílò pọ́n-ùn méjì fún ìnáwó kéékèèké ọ́fíìsì. Ọ̀gá wo sọ̀wédowó, ó rí 2, ó buwọ́ lù ú, ó bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ìlà tó yẹ kí wọ́n kọ iye owó sí ní ọ̀rọ̀ ṣófo. Àyè wà níwájú 2, àyè wà lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé fi 1 síwájú, ó fi 0 sẹ́yìn, ó sì kọ ọgọ́fà pọ́n-ùn sí ìlà tó ṣófo ní ọ̀rọ̀ gbọọrọ gbọọrọ. Báńkì kà á fún un. Lọ́dún 1918, House of Lords, tó jẹ́ kóòtù tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà yẹn, dá a pé oníbàárà ní ojúṣe sí báńkì rẹ̀ láti fara balẹ̀ kọ sọ̀wédowó kó má baà ṣílẹ̀kùn fún olè. Ilé iṣẹ́ náà ló pàdánù owó.

Ìlà ọ̀rọ̀, nígbà náà, ni kí ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn jù. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fara balẹ̀ kọ fígọ̀, ká wá fi ìkánjú kọ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣe àtúnsọ. Òdì kejì rẹ̀ ni òfin wí. Bí fígọ̀ bá sọ ohun kan tí ọ̀rọ̀ sọ òmíràn, ọ̀rọ̀ ló lékè. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú òfin 1882 yẹn, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú òfin Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà nínú èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fẹnu kò lé lórí ní Geneva lọ́dún 1931. Kò túmọ̀ sí pé báńkì máa san án láìjanpata o. Ọ̀pọ̀ tẹ́là ni yóò kàn dá a padà fún yín pé kí ẹ lọ kọ òmíràn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti etí ìlà ní ọwọ́ òsì, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan ohun tí báńkì ti tẹ síbẹ̀, kí ẹ sì fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fi àyè gbàgẹ̀rẹ̀ sáàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ tì í. Lọ́pọ̀ ibi, "only" ni wọ́n fi ń tì í. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kọ owó wẹ́wẹ́ bí ìdá ọgọ́rùn-ún, bí 45/100, wọ́n á sì kọ 00/100 tí kò bá sí owó wẹ́wẹ́ rárá. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe: wọ́n ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí síbí. Àyè tó bá kù títí dé òpin ìlà, ẹ fa ìlà gbọọrọ gbà á kọjá.

Ẹni tó bá rò pé mo ń ṣe àṣejù, kó mú pépà kan kó kọ "eight" sí i. Kó wá fi lẹ́tà "y" kan ṣoṣo sí ìdí rẹ̀. Ẹ rí i? Mẹ́jọ ti di ọgọ́rin. "Six", "seven" àti "nine", lẹ́tà méjì péré, "t" àti "y", ni wọ́n ń wá. Tí ẹ bá kọ "Eight thousand" tí àyè bín-ín-tín wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, ibẹ̀ gan-an ni "y" yẹn máa wọlé sí, àwọ̀ íńkì rẹ̀ nìkan ló sì lè tú àṣírí rẹ̀. Fígọ̀ náà ní tirẹ̀: 1 tí a kọ gẹ́gẹ́ bí igi lásán rọrùn láti sọ di 4 tàbí 7, 3 kì í pẹ́ di 8, òdo sì ṣe é fún ìrù, kó di 9. Kí fígọ̀ àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ àmì owó tí báńkì tẹ̀, kí àwọn tó kù lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ kọ kọ́bọ̀ tàbí sẹ́ǹtì tó gbẹ̀yìn sí i, kódà bó bá jẹ́ òdo méjì.

Orúkọ ẹni tó máa gbowó ló kàn. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì, ní kíkún. Orúkọ ìnagijẹ, orúkọ àgékúrú, lẹ́tà mẹ́ta tí a fi ń pe ilé iṣẹ́ kan, gbogbo wọn ló ń fa ìṣòro, torí ẹlòmíràn lè ṣí àkáǹtì tó bá lẹ́tà mẹ́ta yẹn mu, tàbí kó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un kó lè bá ti rẹ̀ mu. Ẹ fa ìlà sí àyè tó kù lẹ́yìn orúkọ. Tí ẹ bá kọ "Cash" síbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹ ti sọ ọ́ di owó ìta: ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè lọ gbà á. Èmi kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ àyàfi tí mo bá ti dúró síwájú káńtà. Lórí àwọn sọ̀wédowó kan, báńkì ti tẹ "or bearer" sí ìparí ìlà orúkọ, ẹni yòówù tó bá gbé e wá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ fa ìlà pa á.

Ìlà méjì tí ẹ máa ń rí ní igun sọ̀wédowó, tí wọ́n ń bá ara wọn rìn láì pàdé, wà fún irú ìṣọ́ra yìí náà. Kíkírọ́ọ̀sì ni àwọn èèyàn ń pè é. Ohun tó ń sọ fún báńkì ni pé kí wọ́n má ka owó yìí sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lórí káńtà. Inú àkáǹtì ni kó wọ̀. Ìyẹn nìkan dára, torí owó tó bá wọ inú àkáǹtì ń fi orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí ẹ bá tún kọ "account payee" sáàárín ìlà méjèèjì, òfin Bìrìtéènì ti ọdún 1992 sọ pé sọ̀wédowó náà ò ṣe é gbé fún ẹlòmíràn mọ́. Ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ nìkan ló ni ín. Amẹ́ríkà kì í lo ìlà méjì yìí. Níbẹ̀, ẹni tó gba sọ̀wédowó ló máa ń kọ "for deposit only" sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ dà bí ohun kékeré, àmọ́ òun ló ti dójú tì mí rí. Oṣù kìíní ọdún ni, mo sì kọ ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé sí i, bí ọwọ́ ṣe mọ́ ọn lára. Báńkì dá a padà. Lójú tiwọn, ìwé tó ti pé ọdún kan ni mo gbé fún ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tí onítọ̀hún máa pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, torí ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé owó ò sí nídìí ẹ̀, pé dọ́ọ̀dù ṣẹ́ẹ̀kì ni mo fún òun. Ó gba àlàyé gígùn. Sọ̀wédowó máa ń dàgbà, ó sì máa ń kú: ní Amẹ́ríkà, kò pọn dandan kí báńkì san èyí tó ti ju oṣù mẹ́fà lọ, ní Íńdíà, oṣù mẹ́ta ni wọ́n sọ ọ́ dà láti oṣù kẹrin ọdún 2012. Ẹ tún rántí pé 3/4 kì í jẹ́ ọjọ́ kan náà níbi gbogbo. Ará Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ẹni tó wà ní Bìrìtéènì á ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni. Níbi tí fọ́ọ̀mù bá gbà yín láyè, orúkọ oṣù ni kí ẹ kọ.

Ti ọjọ́ iwájú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí wọ́n bá ti kọ ọjọ́ tí owó oṣù máa wọlé sí i, báńkì á dúró dè é. Ẹ má fọkàn tán an. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, báńkì lè san án kí ọjọ́ yẹn tó pé, àyàfi tí ẹ bá ti fún wọn ní ìkìlọ̀ ṣáájú tó ṣàpèjúwe sọ̀wédowó náà dáadáa. Òfin Geneva tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e dé ni kí wọ́n san án. Láyé àtijọ́, èèyàn lè máa retí pé ìwé á rìn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dé. Láti ọdún 2004 tí òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwòrán sọ̀wédowó ló ń rìn láti báńkì kan sí èkejì, ìwé gan-an lè má kúrò níbi tí wọ́n ti gbà á. Kí owó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń kọ ọ́.

Ìbuwọ́lùwé ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Tí gbogbo àlàfo yòókù ò bá tíì kún, ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ yín lẹ fẹ́ fún. Kó jọ èyí tó wà lọ́dọ̀ báńkì. Ọwọ́ wa máa ń yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Tí ti yín bá ti yàtọ̀ sí bó ṣe rí nígbà tí ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ lọ bá wọn kí wọ́n gba tuntun sílẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, fífi kún ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀nà kan wà tí olè kò ní láti fi nǹkan kan kún un, fífọ̀ ni yóò fọ̀ ọ́. Íńkì bírò lásán, aró tó yọ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Orí pépà ló jókòó sí. Ásítóònù, èyí tó wà nínú omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò léèékánná, lè ṣí i kúrò. Olè á bo ìbuwọ́lùwé yín mọ́lẹ̀ kó má baà kàn án, á fọ orúkọ àti iye owó dànù, á sá ìwé náà gbẹ, á sì kọ ohun tó wù ú sókè ìbuwọ́lùwé tó jẹ́ ti yín gan-an. Ní oṣù kejì ọdún 2023, FinCEN, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn owó lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìṣúná Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún àwọn báńkì nípa àwọn tó ń jí lẹ́tà torí sọ̀wédowó tó wà nínú rẹ̀. Bírò onígẹ́ẹ̀lì dúdú ló ṣòro fún wọn jù, àwọn tí íńkì wọn jẹ́ ìyẹ̀fun àwọ̀ tó máa ń wọ inú fọ́nrán pépà lọ jókòó. Mo ní ọ̀kan tí mi ò fi kọ ohun mìíràn. Pẹ́ńsùlù, àti bírò tó ṣe é parẹ́, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ wọn. Tí ẹ bá máa fi ránṣẹ́, ẹ gbé e wọ inú ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra yín, ẹ má fi sílẹ̀ mọ́jú nínú àpótí lẹ́tà.

Àwọn nọ́ńbà onírísí àrà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, íńkì tí ẹ̀rọ ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì kà ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n. Nọ́ńbà báńkì wà níbẹ̀, ti àkáǹtì yín wà níbẹ̀, ti ewé náà gan-an wà níbẹ̀. Ẹ má kọ nǹkan sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ìbuwọ́lùwé yín ṣàn dé ibẹ̀. Ó tún yẹ ká rántí pé gbogbo ẹni tí a bá fún ní sọ̀wédowó la ti fún ní nọ́ńbà àkáǹtì wa, ẹni tó bá ya fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti fún gbogbo ayé.

Tí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ má tún un ṣe. Ẹ kọ "VOID" gàdàgbà gàdàgbà sójú rẹ̀, ẹ ya ibi ìbuwọ́lùwé rẹ̀ tí ẹ bá ti buwọ́ lù ú, kí ẹ mú ewé mìíràn. Láwọn ibì kan, wọ́n ṣì máa ń gba àtúnṣe tí a buwọ́ lù, àmọ́ ètò tí wọ́n fi ń ka àwòrán sọ̀wédowó ní Íńdíà kì í gba àtúnṣe kankan ju ti ọjọ́ lọ. Ewé kan ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Tí èyí tí ẹ ti kọ bá sì sọnù, ẹ sọ fún báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n dá a dúró, kí ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́, orúkọ àti iye rẹ̀ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti san án, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ní Amẹ́ríkà, oṣù mẹ́fà ni ìdádúró náà ń lò, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún un sọ tó bá kù díẹ̀ kó pé.

Ibẹ̀ ni pépà pélébé tó máa ń kù sínú ìwé sọ̀wédowó lẹ́yìn tí a bá ti ya ewé kúrò ti wúlò. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó ya ewé, torí tí ẹ bá ní ó di ìgbà tí ẹ bá délé, ẹ ti gbàgbé. Nígbà tí àkọsílẹ̀ oṣù bá dé láti báńkì, ẹ kó méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn tó bá tilẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò, iye owó ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń wò, tó bá ti bára mu, wọ́n á pa á dé. Olè tó mọṣẹ́ mọ ìyẹn. Ó lè fọ orúkọ nìkan kúrò, kó fi iye tí ẹ kọ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí owó má baà yàtọ̀ lójú yín, ó sì di ìgbà tí ẹni tí ẹ jẹ lówó bá pariwo kí ẹ tó mọ̀. Tí báńkì yín bá ń fi àwòrán sọ̀wédowó tí wọ́n ti san hàn, ẹ ṣí i, kí ẹ ka orúkọ tó wà lójú rẹ̀. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, tí ọdún kan bá fi kọjá lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àkọsílẹ̀ náà hàn yín tí ẹ ò sọ̀rọ̀, ẹ ò lè bi báńkì léèrè owó yẹn mọ́.